Aṣọ Ìdána tí Wọ́n Dá Padà

Mo rántí ìgbà tí òwú àràbà máa ń bo irun mi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè mí ní bàbá arúgbó, nígbà tí n kò tí ì pé ogójì ọdún. Ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè lọ sí Mápó. Tìmùtìmù ibùsùn ni mo ń ṣe. A ó ra òwú àràbà nínú àpò, a ó fi ọ̀pá nà án títí yóò fi wú, a ó kì í sínú aṣọ onílà, a ó sì fi abẹ́rẹ́ gígùn gún un káàkiri kí òwú má baà ṣù jọ sójú kan. Ìyàwó tuntun tí kò sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi kò pọ̀ ní àdúgbò wa nígbà náà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà nítorí pé kò gba ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń la ẹnu nídìí òwú, òwú ni yóò jẹ.

Ìyàwó mi ló ní ọ̀rọ̀ tó tó àwa méjèèjì. Ilé ìwé ìjọ ló ti jáde. Èmi ti gbéyàwó kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà, tí mo ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn alápatà àti awakọ̀, tí mo ń pe a, b, d bí ẹni ń gbàdúrà. Bí mo bá dé, yóò gba síléètì lọ́wọ́ mi, yóò ní, "Ọ̀gá onítìmùtìmù, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ kọ́ lónìí." Mo gbà nígbà náà pé ọkùnrin tó bá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kò sí ohun tí ayé tún lè fi pamọ́ fún un. Ọgbọ́n mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ni ìyàwó mi ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A kò bímọ. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn ti sọ ọ́ tó.

Ìyá rẹ̀ ń gbé ní agboolé wọn ní Bẹ́yẹrunkà, kò jìnnà sí wa. Ọmọ mẹ́rin ni ìyá náà bí. Mẹ́ta kú lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀kẹta kú, ó sáré lọ sí ẹnu kànga agboolé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ inú rẹ̀ kí àwọn obìnrin tó fà á padà. Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó, ó ní, "Ẹ gbà mí lónìí, ẹ ṣeun. Bí èyí tó kù bá tún lọ, ẹ má wulẹ̀ gbà mí." Baálé agboolé, tí í ṣe àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ní kí alágbẹ̀dẹ wá fi irin bo kànga náà, kí ó sì fi àgádágodo sí i. Kò sẹ́ni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ní agboolé. Èyí tó kù ni ìyàwó mi.

Ojú ìyá ti ń ṣú nígbà tí mo di àna wọn. Òjìji ènìyàn nìkan ni wọ́n ń rí. Láràárọ̀, kí ìyàwó mi tó tú ọjà rẹ̀ sílẹ̀, yóò lọ kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìyá mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ wọn yóò bèèrè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ kú àárọ̀."

"Ìwọ ta?"

"Èmi ọmọ yín."

"Ọmọ wo?"

"Èyí tó kù."

Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò fọwọ́ pa á lórí, wọn yóò fi oríkì kì í, wọn yóò sì gbá a mọ́ àyà. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ìyá kì í jẹun.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí odò Ògùnpa ya wọ ilé onílé, ìyàwó mi fọwọ́ kan kókó kan lábẹ́ ọmú rẹ̀ òsì. Kò dùn ún, nítorí náà kò sọ. Lójú tiwa, ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àìsàn. Nígbà tó fi máa dùn ún, ó ti tó ẹyin adìẹ. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti sọ fún wa pé àrùn jẹjẹrẹ ni, wọ́n sì gé ọmú náà. A sọ fún ìyá pé ó lọ sí àpéjọ àdúrà. Nígbà tó pẹ́, ìyá ní, "Àdúrà kí leléyìí? Ṣé Ọlọ́run tiwọn dití ni?"

Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ìyàwó mi ti pe àwa mẹ́ta jọ: èmi, baálé, àti ìyáálé ilé, obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó agboolé lẹ́yìn ìyá. Ó ní, "Ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Bí mo bá yè, kí wọ́n má gbọ́. Bí mo bá kú, kí wọ́n má gbọ́." Baálé mi orí. Wọ́n ní, "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá." Ìyàwó mi wò wọ́n. "Ẹ jẹ́ kó máa lé e bọ̀, Baálé. Ìyá mi ò ní ogún ọdún mọ́." Gbogbo wa búra.

Ohun tó kọ́kọ́ dé bá wa ni ìgbámọ́ra àárọ̀ yẹn. Àyà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kan, afọ́jú yóò mọ̀ ọ́n. Mo ṣa òwú tó mọ́ jù, mo nà án bí n kò ṣe na òwú rí, mo kì í sínú àpò kékeré kan, mo sì rán an mọ́ inú bùbá rẹ̀. Mo fi èkejì wọ̀n ọ́n kí wọ́n lè dọ́gba. Ó dúró níwájú díńgí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. "Gbogbo ìyàwó Ìbàdàn ń sùn lórí òwú yín," ó ní, "èmi nìkan ni mo gbé tèmi rìn." Ọjọ́ náà, ìyá gbá a mọ́ra, wọ́n ní, "O ti ń sanra. Àdúrà yẹn gbà." Nígbà tó délé ó bọ́ bùbá náà, ó jù ú lù mí, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Àìsàn náà sá fún wa fún ìgbà díẹ̀. Ó padà wá láti inú egungun ẹ̀yìn. Dókítà tó bá mi sọ ọ́ kéré sí mi púpọ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó kọ́kọ́ fi èdè òyìnbó sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe. Nígbà tó rí òwú lórí irun mi, ó yí i sí Yorùbá: "Bàbá, ẹ máa gbé wọn lọ sílé." Mo ti gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé mo gbọ́ ọ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo ti dàgbà kí n tó kà, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wúlò fún mi.

Láti ìgbà náà, ìkíni àárọ̀ di iṣẹ́ fún gbogbo ẹbí. Mo máa ń gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, n ó sì máa fi ẹsẹ̀ rìn, n ó máa tì í lọ sí Bẹ́yẹrunkà. Ìyáálé yóò ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ìkúnlẹ̀ ni ìṣòro. Bí ó bá ń kúnlẹ̀, ohùn kan máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè dá dúró. Ìyáálé ló ronú kan odó. Bí a bá ti ń bọ̀, àwọn obìnrin agboolé yóò gbé ọmọ odó, wọn yóò máa gún, ariwo rẹ̀ yóò sì bo ti ìyàwó mi mọ́lẹ̀.

"Kí lẹ ń gún láàárọ̀ kùtù báyìí?" ìyá bèèrè.

"Èlùbọ́ ni, Ìyá."

"Èlùbọ́ ojoojúmọ́? Ṣé ogun lẹ fẹ́ bọ́ ni?"

Odó òfìfo ni wọ́n ń gún. Kò sí ẹni tó ní iṣu gbígbẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ara rẹ̀ ń gbẹ. Bí ó ti ń gbẹ ni mo ń rán òwú mọ́ aṣọ rẹ̀: sí èjìká, sí apá, sí ìbàdí. Nígbà tó yá, òwú pọ̀ jù ú lọ. Ohun tí ìyá ń gbá mọ́ra láràárọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n n kò lè rán òwú mọ́ orí. Ìyá fọwọ́ pa á lórí lọ́jọ́ kan, wọ́n dá ọwọ́ dúró. "Orí rẹ ti di egungun. Ọkọ rẹ kì í fún ọ lóúnjẹ ni, àbí òwú ló fi ń bọ́ ọ?" Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó ń gún odó kò wo ojú mi. Ìyàwó mi ní, "Ó ń fún mi, Ìyá. Èmi ni kì í jẹ ẹ́ tán." Ìyá yí ojú wọn tó ti ṣú sí ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ gbọ́, ọkọ ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ebi pa èyí tó kù fún mi, kò ní rí ọmọ tí yóò sin ín." Mo ní kí wọ́n má bínú.

Àwọn obìnrin ìjọ máa ń wá gbàdúrà nílé wa ní Bẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú wọn tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ń bẹ tí ìyàwó mi kò tí ì jẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní òótọ́ ni. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti kórìíra ohùn yín." Wọn kò padà wá mọ́. Ìyáálé nìkan ló ń wá, tó ń bá mi wẹ ojú egbò tó ti la àyà rẹ̀, tó ń fi aṣọ lé eṣinṣin. Ìyáálé kì í bo imú. Èmi máa ń bò ó, ìyàwó mi sì máa ń rí mi.

Nígbà tó mọ̀ pé òun kò ní lè kúnlẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló yan Kánò ní ibi tí a ó purọ́ pé ó lọ. Ó ní ọ̀nà rẹ̀ jìn tó, kò sì sí ará ilé wa kankan níbẹ̀ tí ìyá lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà, odó ń dún kíkankíkan.

"Ìyá, mò ń lọ sí Kánò, mo fẹ́ lọ wo ọjà."

"Kánò? Ṣé bọ́tìnnì ti tán n'Ìbàdàn?"

"Ó pọ̀ níbẹ̀, kò sì wọ́n."

"Ìgbà wo lo máa dé?"

Ìyáálé fi ojú ṣe àmì sí àwọn tó ń gún odó pé kí wọ́n gún un sí i.

"Mi ò ní pẹ́, Ìyá."

Inú ìyá kò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. "Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ojú mi ni wàá bá, o ò ní bá òfìfo ilé. Ìwọ ni wàá bu erùpẹ̀ sí mi lára." Wọ́n dúró de Àmín. Mo rí i bí ìyàwó mi ṣe ń wá èémí tí yóò fi sọ ọ́. "Àmín, Ìyá." Lẹ́yìn náà kò lè dìde. Èmi àti ìyáálé gbé e lábíyá, ìkérora kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí odó kò lè bò. "Kí ló ń ṣe é?" ìyá bèèrè. Ìyáálé ní, "Ọ̀lẹ ni, Ìyá. Ìkúnlẹ̀ lásán ti di iṣẹ́ oko fún un." Ìyá ní, "Bàbá rẹ̀ ló fi jọ." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sin ín jáde nìyẹn.

Kò jáde nílé mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń tú tìmùtìmù tó ń sùn lé, tí mo ń na òwú rẹ̀ lákọ̀tun, tí mo ń rán an padà. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo ṣe sí i. Yóò dùbúlẹ̀ lé e, yóò ní, "Ó ṣì le." Láràárọ̀ mo ń lọ kí ìyá, bí mo bá sì ti padà délé, ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó mi ń bèèrè: "Kí ni wọ́n sọ lónìí?" Èébú ni ìyá máa ń sọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń jayé ní Kánò, ó ti gbàgbé ilé. Mo ń sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ, nítorí òun ló ní kí n má yọ ọ̀kan kúrò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán gangan ló kú, nígbà tí ariwo Bẹẹrẹ ga jù. Baálé rán ìyá lọ sí abúlé pé kí wọ́n lọ gba oògùn ojú, a sì sin ìyàwó mi sí ibojì ìjọ. Àwọn obìnrin Bẹ́yẹrunkà sunkún nílé mi títí ohùn wọn fi há, wọ́n bọ́jú, wọ́n padà sílé wọn. Nígbà tí ìyá dé láti abúlé, wọ́n ní kí ló fa ohùn gbogbo wọn há. Ìyáálé ní ọ̀fìnkìn ni. Ìyá ní, "Ọ̀fìnkìn tó mú gbogbo obìnrin ilé lẹ́ẹ̀kan náà? Kò mú ọkùnrin?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá kò ní ojú mọ́, nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n fi inú ro ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi rí ìdáhùn tiwọn. Obìnrin tí kò bímọ, tó lọ sí Kánò tí kò bọ̀, ọkùnrin ló rí níbẹ̀. Ní àkọ́kọ́ wọ́n ń fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ ọ́ fún ìyáálé. Nígbà tó yá, ó di òtítọ́ lójú wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí baálé àti ìyáálé wá jókòó.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá kúnlẹ̀ fún mi. Àgbàlagbà obìnrin, ìyá ìyàwó mi, wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì níwájú mi. N kò mọ ohun tí n ó ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n lè wà nísàlẹ̀ wọn. Báyìí ni àwa méjèèjì wà nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ ọmọ mi. Èmi ni mo bí i. Ẹ fi jì mí."

"Ìyá, ẹ dìde."

"Mi ò dìde. Ó fi ẹ̀yin sílẹ̀ lọ fẹ́ Gàm̀bàrí. Ojú ń tì mí láti jáde. Ì bá kúkú kú ni, ǹ bá mọ̀ pé ó kú. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Ìyáálé dìde jáde. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé, odó kan ṣoṣo.

Ìyá fa aṣọ kan yọ lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ ẹtù tí mo gbé wá fún ìdána ni. Ọjọ́ ìdána, baálé ti dá owó orí padà fún mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ta ọmọ. Iṣu, oyin àti obì, ẹnu ti jẹ wọ́n. Aṣọ yìí ló kù. Ìyá kò ró o rí. Wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ni kí wọ́n fi sin àwọn. Nílé wọn, bí obìnrin bá kọ ọkọ rẹ̀, ẹbí rẹ̀ yóò dá ìdána padà, bí ọkọ bá sì ti gbà á, ìgbéyàwó tú nìyẹn. Ìyá na aṣọ náà sí mi. "Ẹ gbà. Ẹ lọ fẹ́ ẹlòmíràn tí yóò bímọ fún yín. Ọmọ mi kì í ṣe ìyàwó yín mọ́."

Baálé ló yẹ kó bèèrè, àṣà ni. Wọ́n wà níbi ìsìnkú. Àwọn ni wọ́n di orí pósí mú. Wọ́n tún ọ̀fun ṣe. "Ṣé o gbà á?"

Mo wo baálé. Baálé wo ojú fèrèsé. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí irin tí wọ́n fi bo kànga.

"Mo gbà á," mo ní.

Láti ọjọ́ náà, opó ni mí ní Bẹẹrẹ, ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ ni mí ní Bẹ́yẹrunkà. Ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ wọn mọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, kó má bu erùpẹ̀ sí àwọn lára. Wọ́n ní kí n má wá kí wọn mọ́, pé n kì í ṣe àna mọ́. Mo ń lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè ohun tí mo wá ṣe, mo ní mò ń kọjá lọ ni. Wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàwó fún mi. Wọ́n rí opó kan ní Yemetu tó ní ọmọ mẹ́ta, wọ́n ní ti ẹni yẹn dájú, ọmọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ikọ́ ọyẹ́ tó dá ìyá dúbúlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ìyáálé wà níbẹ̀, ó jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Ìyá di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ gbúròó rẹ̀?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́ nígbà náà, wọn kò lágbára láti rìn dé ìdí kànga mọ́. Mo wo ìyáálé. Ìyáálé wo ilẹ̀.

"Mo gbúròó rẹ̀, Ìyá."

"Ó bímọ?"

Ọmú kan ló kù lára rẹ̀ nígbà tí a wẹ̀ ẹ́. Mo rántí èyí kí n tó dáhùn.

"Ó bí, Ìyá."

"Akọ ni àbí abo?"

"Obìnrin ni."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú àyà ìyá, ẹ̀rín àti ikọ́ pọ̀. Wọ́n ju ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni kò lè bímọ! Gbogbo ayé ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, àṣé akúra ló fẹ́! Ó káre! Ó káre bó ṣe sá lọ!" Wọ́n ń pe àwọn ará ilé pẹ̀lú ohùn tó kù. "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ mi bímọ! Akúra ni ọkùnrin yìí!"

Àwọn obìnrin kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan nínú wọn ló pọn omi tí a fi wẹ òkú rẹ̀. Wọ́n dúró, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò fojú sí. Ìyáálé ló gbà mí. Ó wò mí tààrà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Àwa ti mọ̀ tipẹ́, Ìyá! Ẹ wò ó bó ṣe dúró bí àpò òwú!" Àwọn yòókù wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìyá ń yọ̀. Wọ́n ní àwọn ti dárí ji ọmọ àwọn, kó wá bu erùpẹ̀ sí àwọn lára, kó gbé ọmọ náà pọ̀n wá.

Ìyá kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo gbé aṣọ ẹtù náà lọ. Baálé ní aṣọ tí a bá ti dá padà kì í wọ ilé àna mọ́. Mo tẹ́ ẹ bo òkú ìyá, baálé sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iwájú yàrá wọn ni a sin wọ́n sí. Pásítọ̀ ìjọ wọn jẹ́ àlejò, kò mọ ìtàn ilé. Ó ní kí ọmọ olóògbé jáde wá bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó mira. Ó tún un sọ, ó rò pé a kò gbọ́. Mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ú. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá ọmọ wọn ni mí. Mo ní rárá, mò ń kọjá lọ ni.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Fóòmù ti gba ọjà lọ́wọ́ òwú àràbà. Àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn nìkan ló ṣì ń wá mi. Baálé ti kú, ìyáálé ti kú. Àwọn ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọ Bẹ́yẹrunkà lẹ́yìn wọn kò mọ ju ohun tí ìyá pariwo rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ń kọjá, wọn yóò kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí mo bá sì ti yí ẹ̀yìn padà, n ó gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà ní Kánò nìyẹn. Ogún ọdún tí baálé sọ kò tí ì pé. Mo máa ń wo ẹ̀yìn, n kò rí òtítọ́ kankan tó ń lé irọ́ wa bọ̀. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń na òwú nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ọkàn mi a fò lọ, n ó sì bá ara mi níbi tí mo ti ń ronú bóyá ọmọbìnrin Kánò yẹn ti wọ ilé ìwé girama, àti ta ló ń wo iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe wá láti ilé.